Góòlù Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Rántí

Kí wọ́n tó mọ ògiri sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá wa, inú igbó ni bọ́ọ̀lù máa ń bọ́ sí bó bá jáde láti apá ọ̀tún. A ó wọnú ewé lọ wá a, a ó máa fi igi na ilẹ̀ níwájú wa nítorí ejò, a ó sì gbé e padà wá. Nígbà tó yá, àwọn onílẹ̀ ta igbó náà fún ìjọ kan tó fẹ́ kọ́ ilé ìjọsìn. Kò pẹ́ rárá tí ògiri búlọ́ọ̀kù fi yí ilẹ̀ náà ká. Bí àgbàlagbà bá dúró lórí ìlà pápá wa tó na ọwọ́, ọwọ́ rẹ̀ á kan ògiri náà. Ẹnikẹ́ni kò bínú sí i. Bí gbogbo Ọ̀tà ṣe ń rí nìyẹn nígbà náà: ibi tó jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, bí òjò bá fi máa dá, ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lo máa bá níbẹ̀, tàbí ilé alájà tí wọ́n ń kọ́ kí àwọn ọmọ yunifásítì lè ríbi gbé. Kóòṣì wa, tí wọ́n jẹ́ ọmọ bíbí Ọ̀tà, wo ògiri náà títí, wọ́n ní, "Ó dáa náà. Bọ́ọ̀lù ò ní máa sọnù mọ́."

SS1 ni mo wà. Èmi ni mò ń ṣọ́ góòlù fún ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin tí Kóòṣì kó jọ láti àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó wà láàárín Ọ̀tà àti Ìyànà Ìyẹsí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni wọ́n fi sí apá ọ̀tún níwájú, torí pé kò sẹ́ni tó lè sáré tó o nínú wa. Ọdún méjì péré ló fi jù mí. Àǹtí ni màmá wa ní kí n máa pè é, mo sì máa ń pè é bẹ́ẹ̀ níwájú wọn àti níwájú àlejò. Bó bá ku àwa méjì, a kì í bára wa ṣe àpọ́nlé kankan.

Ó ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama, ó sì ti yege nínú ìdánwò JAMB, ṣùgbọ́n ilé ló wà. Àwọn yunifásítì aládàáni ń pọ̀ sí i lágbègbè wa nígbà náà, a máa ń rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn nínú súùtù àti táì lábẹ́ oòrùn, wọ́n ń ra búrẹ́dì ní Ìyànà Ìyẹsí. A mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí àwọn òbí wa lè rán wa lọ. Ọkọ̀ àjàgbé ni bàbá wa ń wà láti àwọn iléeṣẹ́ tó wà ní Ṣàngó lọ sí Kánò, oúnjẹ ni màmá wa sì ń sè ní ibùdó ìjọ ńlá kan.

Nítorí náà, nígbà tí Kóòṣì pè wá jọ lẹ́yìn ìgbáradì kan, tí wọ́n ní obìnrin kan ń bọ̀ láti yunifásítì kan ní ìpínlẹ̀ míràn láti wá wo àṣekágbá ìdíje wa, pé wọ́n ń wá ọmọbìnrin tó mọ bọ́ọ̀lù gbá tí wọ́n máa fún ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, gbogbo wa la yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń so okùn bàtà rẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń so ó.

"Ká kọ́kọ́ dé àṣekágbá náà ná," Kóòṣì wí.

Ọjọ́rú la gbá ìdíje tó kángun sí i, lórí pápá wa. Àwọn ọmọbìnrin láti Adó-Odò la pàdé. Wọ́n sígbọnlẹ̀, wọn kì í sì í yẹra fún ènìyàn. A jẹ góòlù kan, àwọn náà jẹ kan. Nínú hafu kejì, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù gígùn kan sí apá ibi tí mo wà, ẹ̀gbọ́n mi sì sáré padà wá láti gbà wá sílẹ̀. Òun àti ọmọ Adó-Odò kan ló jọ ń lé bọ́ọ̀lù náà lẹ́bàá ìlà, èjìká lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká. Ọmọ náà fi èjìká tì í bí gbogbo wa ṣe máa ń ti ara wa. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó ni, inú ewé ló máa ṣubú sí. Ògiri ló gbá. Èjìká rẹ̀ ló kọ́kọ́ kan búlọ́ọ̀kù, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, lókè etí. Ìró rẹ̀ kò pọ̀. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá gbé àgbọn lé orí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì.

Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù, mo sì sáré débẹ̀. Ó ti yọ̀ jókòó sẹ́sẹ̀ ògiri. Ojú rẹ̀ là, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló ń wò.

"Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Kí ló dé tí o fi góòlù sílẹ̀?" ó bi mí, bíi pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Kóòṣì sáré dé pẹ̀lú omi inú ọ̀rá. Wọ́n da omi náà sí i lórí, wọ́n fọwọ́ wá inú irun rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kankan kò sí, àfi ibi kan tó ń wú díẹ̀díẹ̀.

"Ìka mélòó nìyí?"

"Méjì."

Méjì ni lóòótọ́. "Kò sí wàhálà," Kóòṣì wí. "Dìde, ọmọ mi." Àwọn èèyàn tó wá wòran pàtẹ́wọ́ fún un.

Ó dìde, ó rìn bí ẹni tó wà lórí ẹrẹ̀, ó sì kọrí sí ibi tí kì í ṣe ibi tirẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́jọ wa, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, mú un léjìká, ó yí i padà sí ọ̀nà tó yẹ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo padà sáàárín òpó góòlù mi, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí níbẹ̀ mọ́. Kò pẹ́ sí ìgbà tí rẹfirí máa fọn fèrè ìparí, a gba kọ́nà. Bọ́ọ̀lù fò sókè, gbogbo wọn fò tẹ̀ lé e, orí ẹ̀gbọ́n mi ló sì yọ ju ti gbogbo wọn lọ. Ó fi iwájú orí kàn án wọ inú àwọ̀n. Pápá dàrú. Wọ́n sáré tò ó lọ, wọ́n dì mọ́ ọn. Láti òkèèrè níbi tí mo wà, mo rí i láàárín wọn: ó fi ọwọ́ kan bo etí, ó ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo àwọn tó ń ṣe ìnáwó ní àgbàlá ẹlòmíràn.

A wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sílé. Àwa méjèèjì la jókòó lẹ́yìn.

"Báwo la ṣe parí?" ó bi mí.

"A nà wọ́n ní méjì sí kan."

"Ta ló jẹ èkejì?"

"Ìwọ ni! Ṣé ò ń fi mí ṣeré ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀ náà."

A ò tíì rìn jìnnà tó fi tún kọjú sí mi. "Báwo la ṣe parí?"

Mo rò pé àwàdà ni. Mo wo ojú rẹ̀, kò sí àwàdà kankan níbẹ̀. Mo tún dá a lóhùn. Ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kẹta. Ní Ìyànà Ìyẹsí, ó ní kí onímárúwá dúró, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì bì sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, láàárín àwọn tó ń dúró de ọkọ̀. Ó fi jẹ́sì nu ẹnu. Ó di apá mi mú.

"O ò gbọdọ̀ sọ fún Màámi."

"Kí ni kí n má sọ?"

"Ohunkóhun. Ebi ló ń pa mí, oòrùn sì mú. Bí o bá sọ, wọn ò ní jẹ́ kí n gbá ti Sátidé. Ṣé o gbọ́?"

N kò sọ pé mo gbọ́, n kò sì sọ pé n kò gbọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó ní kí n ti fèrèsé. Ó fi ìró bo ojú. Bí ẹ̀rọ ìlọta aládùúgbò wa bá ti bẹ̀rẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú, á máa mí hìn-ín hìn-ín. Màmá wa ní ibà ni, wọ́n fún un ní oògùn ibà, wọ́n fi òróró ra á níwájú orí, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì yára jáde, torí ìpàdé ńlá ìjọ ti wọlé dé, àwọn tí wọ́n sì ń se oúnjẹ fún kò níye. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, ó gbé kẹ́tù òfìfo kaná, ó lọ dùbúlẹ̀. Òórùn irin tó ń jó ló jẹ́ kí n sáré wọlé. Mo bi í pé kí ló fẹ́ sè. Ó wò mí, ó ní, "Ta ló gbé e kaná?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo lọ sí pápá ṣáájú àwọn yòókù. Kóòṣì ń fi eérú fa ìlà. Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́, wọ́n sì máa ń wá tààrà láti ibẹ̀ láìtíì bọ́ aṣọ iṣẹ́. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà. Àǹtí mi ni, ara rẹ̀ kò dá. Ó bì lánàá. Ó ń gbàgbé nǹkan."

Wọn kò dá iṣẹ́ dúró. "Ṣé ó jẹun lónìí?"

"Ó jẹ díẹ̀, sà. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ló ń bi mí léraléra."

"Àyà ló ń já a nítorí Sátidé. Èmi fúnra mi, wọ́n ti fọ́ mi lórí rí lórí pápá yìí. Wọ́n fi aṣọ so ó, mo padà wọlé, mo gbá a parí." Wọ́n ká fìlà sókè, wọ́n fi àpá náà hàn mí. "Bọ́ọ̀lù gbígbá là ń sọ yìí. A kì í ṣe ẹyin."

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi dé. Ó ti wẹ̀, ó wọ bàtà bọ́ọ̀lù, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó sáré yí pápá ká níwájú wa, apá rẹ̀ ń ju bó ṣe máa ń jù. Kóòṣì wò mí bíi pé kí n wá wo ẹni tí mo ní ara rẹ̀ kò dá. Nígbà tó kọjá níwájú mi, mo rí i pé ó di ojú kan pa nítorí oòrùn, ó sì ń fi eyín há ètè. Òun náà rí i pé mo rí i.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, mo sọ fún màmá wa. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ògiri, èébì, kẹ́tù, ìbéèrè. Wọ́n ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì, ọwọ́ wọn dúró sínú igbá. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ bá a, mo sì tẹ̀ lé wọn.

"Ṣé òótọ́ ni ohun tí àbúrò rẹ sọ?"

Ẹ̀gbọ́n mi kò wò wọ́n. Èmi ló ń wò. N kò tíì rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀ rí.

"Orí fífọ́ lásán ni, Màámi."

"Lọ́jọ́ Ajé, a ó lọ sí ọsibítù. O ò lọ síbì kankan lọ́la."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín. Ọ̀la yìí ni gbogbo ayé mi wà."

Ó ti kúnlẹ̀. Mo rí i pé ọkàn màmá wa fẹ́ yọ́. Àwọn náà ti fẹ́ kàwé nígbà kan, kò ṣeé ṣe, gbogbo ilé ló mọ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ní ibi tó wú náà, ó sì fà sẹ́yìn.

"Inú orí yìí ni ayé rẹ wà," wọ́n wí. "Mo ní o ò lọ."

Kí ilẹ̀ tó mọ́, màmá wa ti lọ sí ibi ìdáná ìjọ. Bí mo ṣe lajú, ibùsùn ẹ̀gbọ́n mi ti ṣófo. Bàtà rẹ̀ kò sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Pápá ilé ẹ̀kọ́ kan ní ẹ̀gbẹ́ Ṣàngó ni wọ́n ti fẹ́ gbá àṣekágbá náà. N kò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Ohun tí mo rántí ni pé mo ń sáré láàárín àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń dúró láti wọ iléeṣẹ́, tí àwọn awakọ̀ ń pariwo lé mi lórí, tí mo sì ń wo gbogbo ọkọ̀ pupa bóyá ti bàbá wa ni, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé Kánò ni wọ́n wà. Nígbà tí mo dé, àwọn èèyàn ti kún. Obìnrin tó wá láti yunifásítì ti jókòó lórí àga ike lábẹ́ igi máńgòrò, ó wọ awò ojú dúdú fún oòrùn. Ẹ̀gbọ́n mi sì dúró láàárín àwọn yòókù nínú jẹ́sì, nọ́ńbà méje.

Mo lọ bá Kóòṣì. Èémí mi kò tíì padà bọ̀ sípò.

"Màámi ní kò gbọdọ̀ gbá a, sà."

"Ó sọ fún mi pé màmá yín ti gbà," Kóòṣì wí, wọ́n sì wo ẹ̀gbọ́n mi.

"Irọ́ ló ń pa," ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. "Ó ń jowú mi."

Kóòṣì wo pápá, wọ́n wo abẹ́ igi máńgòrò, wọ́n wo aago ọwọ́ wọn. Rẹfirí ti gbé bọ́ọ̀lù dání. "Ẹ jẹ́ ká gbá eléyìí tán ná," wọ́n wí. "Lọ wọ ìbọ̀wọ́ rẹ."

Ìbọ̀wọ́ náà ti wà lọ́wọ́ mi. Mo bọ́ ọ. Mo kó o sílẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ Kóòṣì.

"Bí Àǹtí mi bá wọ pápá yìí, sà, èmi ò ní ṣọ́ góòlù."

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa wo ìbọ̀wọ́ náà nílẹ̀. A ò ní aṣọ́lé míràn, gbogbo wọn ló mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rìn wá bá mi, ó sì gbá mi létí. Ó gbá mi débi pé mo rí iná lójú. N kò sunkún, n kò sì kúrò níbẹ̀.

"Ẹ bi í léèrè góòlù Ọjọ́rú," mo wí fún Kóòṣì. "Ẹ kàn bi í."

Kóòṣì fẹ́ bínú, mo rí i. Ṣùgbọ́n wọ́n kọjú sí i. "Ó dáa. Ta ló jẹ góòlù tó gbé wa débí?"

"Èmi ni," ó dáhùn kíákíá. Ìdáhùn tí mo ti fún un nínú Márúwá ni, ó ti há a sórí. Èjìká Kóòṣì rọlẹ̀, wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ láti mú ìbọ̀wọ́ mi nílẹ̀. Àfi bí wọ́n ṣe dúró.

"Báwo lo ṣe jẹ ẹ́?"

Ó ṣẹ́jú. "Mo sáré kọjá ọmọ tó ń mú mi. Mo fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gbá a."

Nọ́ńbà mẹ́jọ, tó gbá kọ́nà náà fún un, gbé ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀gbọ́n mi wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ohun tó ṣì sọ nínú ojú wa, kò sì rí i. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù kọ́kọ́ hàn lójú rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ òsì ni?" ó bèèrè, ohùn rẹ̀ ti kéré.

Kóòṣì kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ nínú iyanrìn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà rẹ̀ fúnra wọn. Ó ń ti ọwọ́ wọn kúrò, ó ń sọ pé òun rántí, òun rántí o, ẹ jẹ́ kí òun rántí. Wọ́n bọ́ bàtà kan, wọ́n bọ́ èkejì. Wọ́n pe ọmọ tó máa rọ́pò rẹ̀.

N kò lè sọ púpọ̀ nípa bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà. Ibi tí ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ni mo ń wò, kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Góòlù tí wọ́n jẹ wá, mo ti rí i kó tó wọlé tán, ẹsẹ̀ mi ò kàn gbéra ni. Ní hafu tááìmù, ó ti bì lẹ́ẹ̀mejì, kò sì lè gbé orí sókè. Obìnrin abẹ́ igi máńgòrò ló bá wa gbé e sínú ọkọ̀ rẹ̀. Kóòṣì fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún nọ́ńbà mẹ́jọ, wọ́n bá a lọ sí ọsibítù ìjọba tó wà ní Ọ̀tà. Nígbà tí wọ́n fọn fèrè ìparí, a ti fìdí rẹmi, mo sì sáré tẹ̀ lé wọn nínú aṣọ tí mo fi ṣọ́ góòlù.

Màmá wa dé láti ibi ìdáná, èéfín àti ata lára wọn, gèlè ti ṣí lórí wọn. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n jókòó, wọ́n di ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi mú.

Dókítà tó tọ́jú rẹ̀, obìnrin kan tí kò dàgbà púpọ̀, jáde wá bá wa lẹ́yìn tó ti yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n sì ti ya àwòrán orí rẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ kò sí nínú agbárí, ẹ dúpẹ́," ó wí. "Ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ mì gidi. Ọpọlọ rọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí orí bá gbá nǹkan líle, ọpọlọ á mì nínú agbárí, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan lójú."

"Mo na ìka sí i," Kóòṣì wí. "Ó kà á, kò sì ṣìnà."

"Ìyẹn kò sọ nǹkan kan fún yín, sà. Ẹni tó bá forí gbá nǹkan, ẹ mú un kúrò lójú ẹsẹ̀. Kó má padà wọlé lọ́jọ́ náà, bó bá ń sunkún bẹ̀ yín pàápàá. Kó má sì padà títí tí orí á fi sinmi, tí dókítà á fi gbà. Bó bá tún gbá a lẹ́ẹ̀kejì kí ti àkọ́kọ́ tó jinná, ọpọlọ lè wú. Bó bá wú, nígbà míràn, kò sí ohun tí a lè ṣe."

"Ó tún fi orí kan bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ìyẹn," mo wí. "Òun ló fi jẹ góòlù."

Dókítà wo Kóòṣì. Kóòṣì ṣí fìlà, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tó yá, wọ́n wólẹ̀ síwájú màmá wa, ọkùnrin tó ju màmá wa lọ lọ́jọ́ orí. Màmá wa yára dìde, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dìde nílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀ nínú yàrá tí a fi ìró bo fèrèsé rẹ̀ títí ọyẹ́ fi dé. Kò gbọdọ̀ kàwé, kò gbọdọ̀ wo tẹlifíṣọ̀n, kò gbọdọ̀ tẹ fóònù. Ariwo díẹ̀ á mú un sunkún. Bàbá wa ti Kánò dé, wọ́n gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń lé àwọn ọmọ àdúgbò kúrò bí wọ́n bá ń pariwo. Obìnrin yunifásítì mú ọmọ mẹ́ta lọ nínú àwọn tó gbá àṣekágbá náà, méjì nínú ẹgbẹ́ tó borí wa, àti nọ́ńbà mẹ́jọ. Nọ́ńbà mẹ́jọ wá dágbére. Ẹ̀gbọ́n mi bá a yọ̀, ó dì mọ́ ọn. Lẹ́yìn tó lọ, ó kọjú sí ògiri.

Kò bá mi sọ̀rọ̀. Inú yàrá kan náà la ń sùn, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ mi, á ní, "Màámi, ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín kó rọra máa ti ilẹ̀kùn." Èmi ni mò ń gbé oúnjẹ rẹ̀ fún un. Á dúró kí n jáde kó tó jẹ ẹ́. N kò bẹ̀ ẹ́. Ó dùn mí, mo máa ń sunkún ní balùwẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ fún.

Ọ̀sán kan, nínú ọyẹ́, mo wọlé wá gbé àwo. Ó ti ká ìró kúrò lójú fèrèsé díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bọ́ sórí ilẹ̀. Kò wò mí.

"Sọ góòlù yẹn fún mi," ó wí.

Mo jókòó sílẹ̀, mo sì sọ ọ́: bí kọ́nà náà ṣe wá láti apá òsì, bí àwọn ọmọ Adó-Odò ṣe dì í mú ní jẹ́sì, bó ṣe já kúrò lọ́wọ́ wọn, bó ṣe fò, bí ọrùn rẹ̀ ṣe yí. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Omijé ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Ó dára?" ó bèèrè.

"N kò tíì rí ẹnikẹ́ni tó jẹ irú rẹ̀."

"Mi ò ní í rí i láéláé," ó wí. Lẹ́yìn náà ó na àwo náà sí mi lọ́wọ́.

Ní gbogbo àkókò yẹn, Kóòṣì ti lọ bá àwọn tó ni ògiri. Wọ́n ní àwọn ò lè wó ògiri, ṣùgbọ́n kò burú bí a bá fi nǹkan bò ó. Kóòṣì kó wa lọ sọ́dọ̀ àwọn fọkanáísà ní Ṣàngó, a tọrọ táyà tó ti gbó, a sì ń yí wọn bọ̀ lẹ́bàá títì, àwọn ọlọ́kọ̀ ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀. A so wọ́n mọ́ ògiri náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Wọ́n fa ìlà pápá sínú, pápá wa wá tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n àyè wà láàárín ìlà àti ògiri. Kóòṣì kò jẹ́ kí àwọn ọmọ kéékèèké fi orí kan bọ́ọ̀lù mọ́ nínú ìgbáradì. Ẹni tó bá forí gbá nǹkan, wọ́n á bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ fúnra wọn, wọ́n á gbé bàtà náà há abíyá, ìyá ẹni náà nìkan ni wọ́n sì máa kó o lé lọ́wọ́. Àwọn ọmọ sunkún, àwọn bàbá kan bú wọn lẹ́bàá pápá. Kóòṣì kò yí i padà.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni dókítà gbà kí ẹ̀gbọ́n mi padà. Rírìn ló fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà sísáré, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀lù láìsí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ ìdíje gidi, mo wà nínú góòlù, màmá wa sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, wọn kò jókòó. Bọ́ọ̀lù gíga kan wá sí i lórí. Mo rí i pé ó wò ó bọ̀, mo rí i pé màmá wa gbé ọwọ́ lé àyà. Ó sún sẹ́yìn, ó jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀, ó fi àyà gbà á, ó sì sáré lọ.

Ó gbá a fún ọdún méjì sí i, ó sì fi í sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó kàwé ní Ìlaròó, bàbá wa fi owó iṣẹ́ ọkọ̀ àjàgbé ràn án lọ́wọ́ títí tó fi parí. N kò mọ̀ bóyá obìnrin yẹn ìbá mú un. A ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, àwa méjèèjì, nígbà tí a ti dàgbà. Ó ní ó dá òun lójú pé wọn ìbá mú òun. Mo ní ó dá èmi náà lójú. Lẹ́yìn náà ó ní kí n bá òun bó iṣu tó wà nílẹ̀.